Ìdánwò Orin fún Sikọ́láṣíìpù: Ṣé Kí O Lọ Síbẹ̀ ni, àbí Kí O Fi Fídíò Ránṣẹ́?

Tí a bá ń sọ ti owó, fídíò ló fúyẹ́ jù. Ẹni tó fẹ́ kọrin lójúkojú ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà á wá owó físà, tíkẹ́ẹ̀tì àti ibi tí yóò sùn, oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ àti Èrèlé sì ni ọ̀pọ̀ ìdánwò náà máa ń bọ́ sí, nínú òtútù.

Ṣùgbọ́n fídíò ní wàhálà tirẹ̀. Mo gbọ́ ti ọmọbìnrin kan, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, àfi bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lábẹ́ orin. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kì í sì í gbà kí a gé orin kan lẹ̀ pọ̀: bí o bá ṣì í ní ìlà ìkẹyìn, àtìbẹ̀rẹ̀ ni. Ó kéré tán, o lè tún un ṣe. Níwájú àwọn olùdánwò, ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Àmọ́ wọ́n lè ní kí o kọ ọ́ lọ́nà mìíràn, kí wọ́n wo bí o ṣe ń gba ẹ̀kọ́. Mo ka èyí sí púpọ̀.

Ẹni tí físà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó lọ. Ẹni tó wà n'Íbàdàn tí kò ní, kó wá ṣọ́ọ̀ṣì tó dákẹ́, kó ya fídíò rẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù.