Kéèkì sóyà tàbí kéèkì òwú: èwo lẹ máa rà fún adìẹ tó ń yé?

Kéèkì tí mò ń wí ni èyí tó ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún òróró inú sóyà tàbí kóró òwú tán. Ìgbàkígbà tí owó sóyà bá ti gbẹ́nu sókè, ẹnìkan ní ọjà Sábó, Ìkòròdú níbí, á wí fún yín pé: "Ẹ po kéèkì òwú mọ́ ọn, adìẹ ò ní mọ̀." Òótọ́ ni, adìẹ ò mọ̀. Oníbàárà ló máa mọ̀. Mo ti fi méjèèjì bọ́ adìẹ, ọ̀kan nínú wọn sì ti kó mi sí gbèsè.

Ti purotéènì, ẹ ti mọ̀ ọ́n, sóyà ló lékè. Lysine náà, ìyẹn ẹ̀yà purotéènì tí adìẹ kò lè dá ṣe fúnra rẹ̀, sóyà ló ní in jù. Tí ẹ bá fi òwú rọ́pò rẹ̀, ẹ máa ní láti ra lysine oníyẹ̀fun kún un, ẹ yáa ṣírò iye yẹn mọ́ èrè tí ẹ rò pé ẹ jẹ. Èèpo pọ̀ nínú òwú. Sóyà náà ní àléébù tirẹ̀: èyí tí wọn ò bá yan jinná kò ní jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú adìẹ. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bó bá ń rùn bí ẹ̀wà tútù, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ gan-an ni gossypol, májèlé inú kóró òwú. Tí ẹ bá la kóró èso òwú, ẹ ó rí àmì dúdú wínníwínní káàkiri inú rẹ̀. Inú wọn ni májèlé yìí wà, òun ni igi òwú fi ń lé kòkòrò. Iná tí wọ́n fi ń fún òróró rẹ̀ máa ń so apá kan rẹ̀ mọ́ purotéènì, ó sì máa ń ba lysine jẹ́ bó ṣe ń so ó. Èyí tí kò so ló ń wọ inú adìẹ, tó ń bọ́ sínú pupa ẹyin. Ibẹ̀ ló ti ń pàdé irin tó wà nínú ẹyin, tí pupa á wá di àwọ̀ ewé tó ti ń ṣá.

Ohun tó tàn mí jẹ ni pé ọjọ́ tí adìẹ yé ẹyin náà kọ́ ló ń yí àwọ̀. Bó bá ṣe ń pẹ́ nílẹ̀ ni, pàápàá nínú fíríìjì. Mo ti fi òwú dípò ìdajì sóyà mi, adìẹ ń yé dáadáa, mo ń fọ́ ẹyin jẹ nílé, pupa rẹ̀ pọ́n bó ṣe yẹ. Mo wá kó ẹyin lọ fún obìnrin kan tó ń ṣe kéèkì ìgbéyàwó ní Ẹ̀pẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta ló pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹyin yín ti bàjẹ́ o." Mo wọkọ̀ lọ. Ó fọ́ ọ lójú mi, kò rùn rárá, àmọ́ pupa rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Ta ló máa fi ìyẹn ṣe kéèkì ìyàwó? Mo dá owó rẹ̀ padà, kò sì ra ẹyin lọ́wọ́ mi mọ́ títí dòní. Nígbà tí mo padà bá ẹni tó ta kéèkì òwú fún mi, ó ní oúnjẹ màlúù lòun tà.

Ìwọ̀n tí wọ́n ní kí oúnjẹ adìẹ tó ń yé má kọjá ni nǹkan bí 50 mílígíráàmù gossypol tí kò so nínú kílò kan. Ta ló mọ iye tó wà nínú àpò tí wọ́n ń tà fún yín? Iron sulphate, ìyẹn iyọ̀ irin, lè so ó, ṣùgbọ́n ìwọ̀n gossypol lẹ ó fi mọ ìwọ̀n irin tí ẹ máa bù sí i. Láìsí àyẹ̀wò, ẹ kàn ń fojú bù ú ni.

Ẹlòmíì á sọ pé òwú tòun kò ní májèlé. Irú òwú bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, McMichael, ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1959, láti ara òwú àwọn Hopi, ẹ̀yà onílẹ̀ kan níbẹ̀, àmọ́ kòkòrò àti eku fi igi náà ṣe oúnjẹ nítorí kò ní ohun tó máa fi gba ara rẹ̀. Ikọ̀ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Keerti Rathore ní yunifásítì Texas A&M wá mú gossypol kúrò nínú kóró nìkan, wọ́n fi í sílẹ̀ lára ewé; Amẹ́ríkà fàṣẹ sí gbígbìn rẹ̀ lọ́dún 2018, sí jíjẹ rẹ̀ lọ́dún 2019. Òwú tuntun tí Nàìjíríà fọwọ́ sí lọ́dún 2018 kì í ṣe èyí o. Ìyẹn ni wọ́n ṣe láti gbógun ti kòkòrò tó ń jẹ èso òwú, gossypol rẹ̀ ṣì pé síbẹ̀. Kódà, òróró inú òwú tí kóró rẹ̀ kò ní àmì dúdú yẹn ṣì lè mú kí funfun ẹyin pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

Òwú dáa fún màlúù àti àgbò tó ti dàgbà, ikùn wọn ń ká májèlé yẹn lọ́wọ́ kò. Ẹ má fún ọmọ àgùntàn tó ṣì ń mu ọmú. Ẹ má sì fún àkùkọ tí ẹ fẹ́ fi gba irú ọmọ: gossypol yìí ni wọ́n dán wò ní Ṣáínà ní àwọn ọdún 1970 kí ọkùnrin má bàa lè fún obìnrin lóyún.

Ẹni tí àgbò Iléyá wà lọ́rùn rẹ̀, kó ra òwú, á rí i lówó pọ́ọ́kú. Ẹlẹ́yin tí apá rẹ̀ ò ká sóyà tán, kó fi kùlíkùlì tí kò bu dí i díẹ̀. Àpò òwú kan ṣì wà lọ́dọ̀ mi, ẹ̀gbẹ́ ilé àgbò ló wà, mo fi ọ̀dà kọ ọ́ sí i lára: ÀGBÒ NÌKAN.