Close: ọmọdé méjì àti ìbéèrè kan ṣoṣo

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti wo fíìmù Close. Nígbà àkọ́kọ́, èmi nìkan ni, ẹkún tí mo sun ò sì jẹ́ kí n rí àbùkù kankan lára ẹ̀. Nígbà kejì, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 14 la jọ wò ó. Ọmọ yẹn kì í sọ̀rọ̀ bí a bá ń wo fíìmù, àmọ́ bó bá sọ ẹyọ kan, ẹ ó máa rò ó fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ jẹ́ kí n tètè kìlọ̀: mi ò lè sọ ohun tó wù mí nínú fíìmù yìí àti ohun tó bí mi nínú láì tú àṣírí ààbọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ tẹ́lẹ̀, kó lọ wò ó ná.

Lukas Dhont, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m, ló darí rẹ̀. Ọdún 2022 ló jáde, òun àti fíìmù kan tí Claire Denis ṣe ló sì jọ pín Grand Prix, ẹ̀bùn tó ṣìkejì, níbi àjọ̀dún fíìmù Cannes nílẹ̀ Faransé lọ́dún náà. Faransé ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ jù. Orí Léo àti Rémi, ọmọ ọdún 13, ni ìtàn náà dá lé. Àgbẹ̀ òdòdó làwọn òbí Léo. Rémi ní tirẹ̀ ń fọn fèrè oboe. Bí wọ́n bá ti sáré la oko òdòdó kọjá tán, bẹ́ẹ̀dì kan náà ni wọ́n ń sùn sí. Lóru ọjọ́ kan tí oorun kọ̀ tí kò kun Rémi, Léo bẹ̀rẹ̀ sí í hun ìtàn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ kan fún un, jẹ́jẹ́, títí ara ọmọ náà fi balẹ̀. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ohunkóhun, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Wọ́n wọ ilé-ìwé tuntun. Ọmọbìnrin kan bi wọ́n níṣojú àwọn tó kù pé ṣé wọ́n ń fẹ́ra ni. Lójú tèmi, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Kíá ni Léo ti sọ pé rárá.

Ibi tí Dhont ti fi hàn pé òun mọṣẹ́ rèé. Wọn ò jà, wọn ò bú ara wọn. Rémi gbórí lé Léo níkùn lórí koríko, Léo sì rọra yẹra. Léo lọ darapọ̀ mọ́ àwọn tó ń gbá họ́kì lórí yìnyín, ó de akoto onírin tó bo gbogbo ojú ẹ̀. Nígbà tó yá, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sílé-ìwé láàárọ̀ ọjọ́ kan láì dúró de ọ̀rẹ́ rẹ̀. Rémi bá a lágbàlá ilé-ìwé, ó bi í pé kí ló dé tí kò dúró de òun, ìgbà yẹn ni ìjà tó bẹ́, pẹ̀lú omijé, níṣojú gbogbo ènìyàn. Àbúrò mi ò wo ojú mi. Ó ní, “Àǹtí, èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ sẹ́nìkan rí.” Mi ò bi í pé ta ni.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, Rémi gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Wọn ò fi bó ṣe ṣe é hàn wá, mo sì kí wọn fún ìyẹn. Inú bọ́ọ̀sì tí àwọn ọmọ kíláàsì gbé bọ̀ láti etíkun ni Léo ti gbọ́.

Àtibẹ̀ lèmi àti fíìmù yìí ò ti gbọ́ra wa yé mọ́. Léo nìkan là ń tẹ̀ lé. Àní kí ló wà lọ́kàn Rémi? A mọ̀ pé ó ń fọn fèrè, a mọ̀ pé oorun kì í tètè kùn ún, ó tán. Ó dà bíi pé wọ́n fi ikú ọmọ náà ṣe àkàbà tí ọmọ kejì fi gòkè. Lẹ́yìn náà ni họ́kì, họ́kì, họ́kì: ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú. A ti gbọ́, ó ti yé wa. Síbẹ̀, nígbà tó fi ọwọ́ ṣẹ́, tí wọ́n ń fi POP dì í, ẹkún tó ti há sí i láyà láti ọjọ́ yìí wá bú jáde. Eden Dambrine lorúkọ ọmọ tó ṣe Léo. Inú ọkọ̀ ojú irin ni Dhont ti kọ́kọ́ rí i, kò sì tíì ṣe fíìmù rí.

Àmọ́ Émilie Dequenne, tó ṣe ìyá Rémi, ló gba ìdajì kejì sílẹ̀. Òun náà ló gba ẹ̀bùn òṣèrébìnrin tó dára jù ní Cannes lọ́dún 1999. Ó kú lọ́dún 2025. Obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí Léo jẹ́wọ́ fún un nínú mọ́tò pé òun lòun lé Rémi dànù, ó ní kó bọ́ sílẹ̀. Ọmọ náà sá wọ igbó. Ìgbà tí ìyá yìí yóò fi bá a, ó ti mú igi dání, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ nà. Ìyá dì mọ́ ọn. Mo dá ibẹ̀ dúró láti lọ mu omi.

Bí irú ikú yìí bá ṣẹlẹ̀ nílé yín láìpẹ́, ẹ má wò ó. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé dá wò ó.

Níparí, Léo wà láàárín òdòdó, ó bojú wẹ̀yìn, ó sì tẹjú mọ́ wa. Àbúrò mi ní Rémi ló ń wá. Mo ní àwa ló ń wò. A ò tíì parí àríyànjiyàn yẹn.