Ẹ̀rọ awárin lórí yangí Ìbàdàn: èwo ni kí ẹ fowó rà?

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn awọnlẹ̀ wá píílà, òpó kọnkéré kékeré tí wọ́n fi ń sàmì sí ààlà ilẹ̀, tó ti rì. Katapílà á ti la ọ̀nà kọjá, erùpẹ̀ á ti bò ó, onílẹ̀ méjì á sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí wọ́n ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀. Ọ̀pá irin tó wà láàárín kọnkéré píílà yẹn ni mò ń wá. Àwọn púlọ́ńbà náà a máa pè mí fún páìpù onírin àtijọ́. Ẹ̀rọ mẹ́ta ló ti kọjá lọ́wọ́ mi: tuntun olówó pọ́ọ́kú kan, tòkunbọ̀ kan tó ní bọ́tìnnì tí èèyàn fi ń mú un mọ ilẹ̀, àti irú èyí tí wọ́n ń pè ní pulse induction, tí mo yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi fún oṣù méjì.

Tuntun yẹn ni mo kọ́kọ́ rà, ₦95,000. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi fi kọ́bọ̀ àtijọ́ kan kọjá níwájú àwo rẹ̀, ìyẹn ibi pẹlẹbẹ nísàlẹ̀ ọ̀pá rẹ̀ tó ń gbọ́ irin, ó dún ketekete, inú mi dùn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì a gbé e lọ sí ìhà Móníyà, lórí ilẹ̀ ìyá àgbà kan. Ilẹ̀ pupa ni, yangí wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀ bí ẹ̀wà. Bí mo ṣe sọ àwo kalẹ̀ báyìí, ó figbe ta. Mo sún un sí ọ̀tún, ó ké. Mo sún un sí òsì, ó ké. Mo wá ń dín agbára ìgbọ́ rẹ̀ kù títí ó fi dákẹ́, láìmọ̀ pé etí rẹ̀ ni mò ń dí. A gbẹ́ kòtò mẹ́ta, òkúta pupa nìkan la bá níbẹ̀. Ìyá náà bu omi fún wa mu, kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá mi awọnlẹ̀ fi irinṣẹ́ tirẹ̀ wọn ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ bàtà méjì péré ni píílà fi jìnnà sí kòtò kejì. Àwo mi ti kọjá lórí rẹ̀ tó ìgbà mẹ́rin. Èmi ni mo sanwó àwọn tó gbẹ́lẹ̀.

Mo gbé ẹ̀rọ padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọkùnrin náà tún fi kọ́bọ̀ kọjá, ó tún dún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ yín ò ṣe nǹkan kan." Òótọ́ ló sọ, kò bàjẹ́, ilẹ̀ wa ni kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀, torí ibí yìí ni owó ń bá lọ. Irú tó wọ́pọ̀ jù, VLF (very low frequency), irú tí tuntun àti tòkunbọ̀ mi jẹ́, a máa rán ìgbì òòfà wọlẹ̀ láìdáwọ́ dúró, láàárín 3 kHz sí 30 kHz (ìgbà 3,000 sí 30,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), a sì máa gbọ́ ohun tó bá dáhùn. Irin ló pọ̀ nínú yangí tó fi pupa, díẹ̀ nínú irin yẹn sì máa ń dá ìgbì náà lóhùn. Ibi tí wọ́n ti ń sun pàǹtí tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí iná a máa sọ irin inú erùpẹ̀ di ohun tí òòfà ń fà. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti dè mọ́ ojú kan láti ilé iṣẹ́, bíi tuntun mi, á wá máa gbọ́ ilẹ̀ Ìbàdàn bí ẹni tó wà láàárín ọjà Bódìjà.

Lára tòkunbọ̀ mi, wọ́n kọ ground balance sí bọ́tìnnì tó ń mú un mọ ilẹ̀. Màá wá ibi tí kò sí irin, màá ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ fún gbogbo irú irin, màá gbé àwo sókè bí ìbú ọwọ́ méjì, màá sọ ọ́ wálẹ̀ títí tó fi kù díẹ̀ kó kan ilẹ̀. Sókè, sílẹ̀, ni màá máa ṣe, tí màá máa yí bọ́tìnnì náà, títí ohùn rẹ̀ á fi dọ́gba lókè àti nísàlẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bí ohùn bá ń ga bí àwo ṣe ń sún mọ́ ilẹ̀, ariwo nìkan ni wàhálà rẹ̀. Kí ohùn máa lọ sílẹ̀ ló burú, torí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ á kọjá lórí irin láìfọhùn. Bí ẹ bá kúrò lórí yangí bọ́ sórí ilẹ̀ dúdú ẹ̀bá odò, ẹ tún un ṣe. A padà sí ilẹ̀ ìyá yẹn nítorí igun kejì, tòkunbọ̀ yìí sì dún lórí píílà ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi kọjá.

Pulse induction ńkọ́? Ó máa ń ta ìgbì lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́ díẹ̀, kó tó tẹ́tí. Ọ̀pọ̀ nínú ohùn yangí á ti kú kó tó máa gbọ́, ti irin gidi á ṣì máa bá a lọ. Òun ni àwọn awáwúrà ń lò lórí ilẹ̀ pupa Australia, ó sì gbọ́ ohun tó jìn ju ti àwọn méjì yòókù lọ. Ṣùgbọ́n kò mọ ìṣó yàtọ̀ dáadáa, ilẹ̀ ilé kíkọ́ wa sì kún fún ìṣó àti wáyà tí wọ́n fi ń di irin. Ní ìhà Olódó, kòtò mọ́kànlá ni mo gbẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìṣó ni gbogbo wọn. VLF náà ń dún fún ìṣó, àmọ́ ní ṣókí ni, nọ́ńbà ojú rẹ̀ á sì máa fò.

Bátìrì: pulse induction ń jẹ ẹ́ gan-an. Ìwọ̀n: tuntun ló fúyẹ́ jù. Àwo: èyí tó tóbi ń gbọ́ jìnnà, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ilẹ̀ púpọ̀ náà, kékeré dára láàárín ìṣó.

Kí ẹ tó ta èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ wò ó bóyá ẹ ti sọ fún un pé kó má dá irin tó ń dípẹtà, bíi ọ̀pá inú píílà, lóhùn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ẹni tó ń wá òrùka wúrà náà, tó bá ní kó má dún fún ìdérí agolo, á kọjá lórí wúrà. Ẹ di wáyà àwo mọ́ ọ̀pá pinpin. Ẹ gbé fóònù jìnnà, ẹ má dúró sábẹ́ wáyà iná ńlá. Àwo ọ̀pọ̀ VLF gbọ́dọ̀ máa rìn kó tó gbọ́, kó sì wà ní ìpele kan, kí ẹ má fì í sókè bí àdá.

Fún iyanrìn àti eré ọmọdé, tuntun olówó pọ́ọ́kú tó. Ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń wá ohun tó jìn níbi tí kò sí ìdọ̀tí irin, kó ra pulse induction. Iṣẹ́ òòjọ́ lórí ilẹ̀ Ìbàdàn ní tiẹ̀, ₦140,000 ni mo ra tòkunbọ̀ mi, òun ni mo sì gbé jáde láàárọ̀ yìí.

Tí ẹ bá ń lọ rà, ẹ bu yangí tó tó ìkúùkù sínú ọ̀rá, ẹ mú bóòtù irin (bolt) kan dání. Ẹ gbé yangí náà sún mọ́ àwo, sún mọ́ ọn, jìnnà sí i. Bó bá ké, ẹ ní kí olùtà fi bọ́tìnnì pa á lẹ́nu mọ́. Bí ó bá pa á lẹ́nu mọ́, ẹ ki bóòtù bọ ẹ̀yìn yangí kí ẹ tún wò ó. Bí ó bá dún nígbà yẹn, ẹ lè wá máa ná an.