Agbẹjọ́rò tí mo gbà lórí gbèsè ilé ìwòsàn tí ìyá mi fi sílẹ̀

Nígbà tí ìyá mi jáde láyé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ilé ìwòsàn, Medicare, ètò adójútòfò ìlera ìjọba Amẹ́ríkà tó wà fún àwọn àgbàlagbà, san èyí tó kàn án, ó sì ṣẹ́ ku 11,480 dọ́là. Kò tíì pé ogójì ọjọ́ tí a sin wọ́n tí agbowó-gbèsè kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. Láyé àtijọ́, ológò á wá jókòó sílé onígbèsè, á máa pa adìyẹ ibẹ̀ jẹ. Ti ìsinsìnyí, orí fóònù ló ń dógò sí. Ó ní ṣé n kò fẹ́ kí orúkọ ìyá mi mọ́ ni, kí n tilẹ̀ fi 50 dọ́là bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ á ti máa wá káàdì báńkì rẹ̀, nítorí lọ́dọ̀ wa, ẹni tó jogún ilé ló ń jogún gbèsè.

Agbẹjọ́rò tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogún ni mo lọ bá, mo sì san 300 dọ́là fún wákàtí kan. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni bóyá mo ṣe onídùúró fún ìyá mi lọ́jọ́ tí wọ́n gbà wọ́n wọlé. A yẹ ìwé náà wò láti òkè dé ìsàlẹ̀: aṣojú aláìsàn ni mo fọwọ́ sí, kì í ṣe onídùúró. Ó wá ṣàlàyé pé dúkìá olóògbé ni gbèsè rẹ̀ ń lé, kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Owó báńkì ìyá mi, tó jẹ́ 4,200 dọ́là, wà lára dúkìá náà. Owó adójútòfò ẹ̀mí tí wọ́n kọ orúkọ mi sí kò sí lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni agbowó-gbèsè yẹn ti ń fọgbọ́n bèèrè.

Ó kìlọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹbí ló bọ́ bẹ́ẹ̀. Ká ní bàbá mi ṣì wà láyé ni, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀, nítorí ojú ọ̀tọ̀ ni òfin Texas fi ń wo tọkọtaya. Ní Pennsylvania, tó jẹ́ ìpínlẹ̀ mìíràn, ilé ẹjọ́ pàṣẹ lọ́dún 2012 pé kí ọmọkùnrin kan san nǹkan bí 93,000 dọ́là fún ilé ìtọ́jú tí ìyá rẹ̀ gbé.

Ibi tí owó mi ti jèrè gan-an kò sí nínú ohun tí mo bá lọ. Ilé ìwòsàn náà kì í ṣe ti elérè, òfin ìjọba àpapọ̀ sì fi dandan lé e pé kí irú wọn ní ètò ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tí apá rẹ̀ kò ká owó ìtọ́jú, kí wọ́n sì máa gba ìwé ìbéèrè títí di 240 ọjọ́ lẹ́yìn ìwé owó àkọ́kọ́. Oṣù márùn-ún ti lọ, kò sì sí ẹni tó là á yé wa. A kọ̀wé, wọ́n sì dín gbèsè náà kù sí 1,900 dọ́là. Mo lè kọ́kọ́ yọ owó ìsìnkú tí mo ná kúrò nínú dúkìá náà, ṣùgbọ́n mo fi sílẹ̀, a sì fi owó ìyá mi san gbèsè ìyá mi lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ ti fi mí ṣe alábòójútó dúkìá náà.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé lẹ́tà tí yóò kọ sí agbowó-gbèsè náà yóò gba 120 dọ́là mìíràn, ó sì ń fi falẹ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni òfin fún ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé takò gbèsè, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó gba ìwé àlàyé gbèsè náà lọ́wọ́ agbowó-gbèsè. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n ni lẹ́tà wa tó kúrò ní ọ́fíìsì rẹ̀.