Ògiri èbúté àtijọ́ àti bájì ńlá: ẹ dè é lẹ́yìn ni, àbí ẹ gbin irin síwájú rẹ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní èbúté yanrìn ní Ìbẹ̀ṣẹ̀ tàbí Bayékù, tó jẹ́ ọkọ̀ onípákó ló ń gúnlẹ̀ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ wá fẹ́ máa gba bájì onírin, ọkọ̀ ẹrù ńlá tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ọ̀nà méjì làwọn ẹnjiníà máa kà fún yín. Wọ́n lè de ògiri lẹ́yìn: wọn a lu ògiri, wọn a ti ọ̀pá irin wọlẹ̀ lọ sẹ́yìn, wọn a fi sìmẹ́ńtì dì í mọ́lẹ̀. Tàbí kí wọ́n gbin ṣíìtì páìlì, irin pẹlẹbẹ tó ń kọ́ ara wọn, síwájú ògiri àtijọ́, kí wọ́n dí àárín méjèèjì.

Ní ti owó, dídè ló dínwó. Òun náà ló tètè ń parí. Ariwo irin tí wọ́n ń gbìn, gbogbo àdúgbò ló máa bá yín gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pá ìdè lè wọ abẹ́ ilẹ̀ ẹlòmíì, ọmọ onílẹ̀ Ìkòròdú ò sì ní torí pé abẹ́ ilẹ̀ ni kó má gbowó. Ṣíìtì páìlì máa ń gba àyè díẹ̀ nínú omi, ìyẹn sì ń fẹ́ ìwé àṣẹ. Látìgbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ti dájọ́ ní oṣù Kìíní 2024, NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ojú omi inú ilẹ̀, ni kẹ́ ẹ lọ bá fún un.

Ẹsẹ̀ ògiri ló jẹ mí lówó. Mo dè é, ó dúró gbọn-in-gbọn-in. Bájì tó kún fún yanrìn nílò omi jíjìn, ni mo bá pe dírẹ́jà, ọkọ̀ tó ń gbẹ́ ìsàlẹ̀ omi, ó gbẹ́ iwájú ògiri. Ẹrẹ̀ tó kó lọ yẹn gan-an ló ń di ẹsẹ̀ ògiri mú! Ọ̀pá mú òkè dání, kò kan ìsàlẹ̀. Tọ́gì, ọkọ̀ tó ń fa bájì, bá ti ń fà sẹ́yìn, omi dúdú á máa hó lábẹ́ ògiri: abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń gbẹ́ ìwọ̀nba tó kù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i pé ilẹ̀ ẹ̀yìn ògiri sán, ó tẹ̀lé etí omi lọ gbọọrọ. Igi ìṣáná ló lè wọ ibẹ̀. Mo po sìmẹ́ńtì, mo dí i. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, àtẹ́lẹwọ́ mi wọ ọ́. Òjò ńlá kan rọ̀ lóru, ihò tí omi ẹ̀yìn ògiri ń gbà jáde ti dí, omi ọ̀sà sì ti fà níwájú. Ẹsẹ̀ ògiri yọ síwájú, ilẹ̀ rì tẹ̀lé e.

Ṣíìtì páìlì ni mo wá gbìn. Ìdí rẹ̀ kọjá ẹrẹ̀, ó wọ yanrìn líle. Ó ń dípẹtà o, pàápàá níbi tí omi ti ń lọ tó ń bọ̀, ẹ ra èyí tó nípọn. Òun náà sì lè nílò ìdè lókè. Gígùn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ má ṣahun sí: bí omi ṣe máa jìn tó lẹ́yìn tí dírẹ́jà bá kúrò ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Bí ẹ ò bá ní gbẹ́ omi rárá, dídè tó yín. Ta ló ń gba bájì ńlá tí kì í gbẹ́ omi, èmi ò mọ̀ ọ́n. Orí ọ̀pá ìdè mi kan ṣì yọ jáde nílẹ̀ níbẹ̀. Òun ni àwọn apẹja ń so ọkọ̀ wọn mọ́.