Ìkìlọ̀: Ẹ Wọn Káàdì Rookie Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń kó káàdì àwọn eléré ìdárayá àtijọ́ jọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ra fún oníṣòwò orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tó ta káàdì tí wọ́n ti fi abẹ rẹ́ létí fún mi. Káàdì rookie, ìyẹn káàdì tí wọ́n tẹ̀ fún eléré nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun, ti Michael Jordan, eléré basketball, ni, èyí tí ilé iṣẹ́ oníkáàdì Fleer tẹ̀ ní 1986, nọ́ńbà 57. Ọkùnrin náà fi dá mi lójú pé ọwọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ kàn án rí kó tó wọ inú ike, ó sì ní kí n wo bí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe mú. Wọ́n mú lóòótọ́, èmi náà sì sanwó.

Nígbà tó tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo gbé e lé orí káàdì eléré mìíràn tí kò níye lórí púpọ̀, láti inú ọ̀wọ́ káàdì 132 kan náà. Etí ti ìsàlẹ̀ yọ síta lápá ọ̀tún, bíńtín bí fọ́nrán òwú. Ínṣì 2.5 ló yẹ kí ìbú rẹ̀ jẹ́, kí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 3.5. Oníṣòwò náà fèsì pé ilé ìtẹ̀wé ló gé e bẹ́ẹ̀, láti ìgbà náà ni kò sì ti dá mi lóhùn mọ́. Mo gbà pé ẹ̀rọ ìgékáàdì máa ń ṣàṣìṣe, ṣùgbọ́n etí kan ṣoṣo tó mọ́ ju mẹ́ta yòókù lọ kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ.

Káàdì rookie ni irú àwọn ènìyàn yìí ń fi dẹkùn, nítorí òun ni gbogbo wa ń lé. Ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ohun tí ọmọ náà yóò dà ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, nítorí náà ìwọ̀nba ènìyàn ló tọ́jú rẹ̀. Láyé àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọdé a máa fi káàdì há wáyà kẹ̀kẹ́ wọn kó lè máa dún. Èyí tí igun rẹ̀ kò gbó ṣọ̀wọ́n, owó rẹ̀ sì ga fíofío, ibẹ̀ sì ni abẹ ti ń wọlé. Kódà Bill Mastro, gbajúmọ̀ alágbàtà káàdì, jẹ́wọ́ ní 2013 pé òun gé etí káàdì Honus Wagner, eléré baseball àtijọ́, tó lókìkí jù lọ.

Oníṣòwò tó ta káàdì Jordan fún mi tún ní kí n fi owó náà ránṣẹ́ nípasẹ̀ PayPal bí ẹni ń fún ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí lówó, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀, láìrántí pé irú owó bẹ́ẹ̀ kò ní ààbò olùrà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó tún gbé káàdì rookie Wayne Gretzky, eléré hockey orí yìnyín, tí ilé iṣẹ́ O-Pee-Chee tẹ̀ ní 1979, jáde, etí rẹ̀ sì ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Wáyà ni wọ́n fi ń gé káàdì O-Pee-Chee nígbà náà, etí wọn sì sábà máa ń rí pálapàla. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó kọ́kọ́ béèrè àwòrán etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà. Irú àwòrán yẹn ni mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí mo ti sanwó tán.