Ẹ̀rọ Ìfági Àtijọ́: Èyí Tó Dípẹtà àbí Èyí Tí Wọ́n Ti Tún Ṣe?

Bí ẹ bá ń wá ẹ̀rọ ìfági àtijọ́, àwọn onírin wúwo yẹn, oríṣi méjì lẹ máa bá pàdé: èyí tó ti dípẹtà, àti èyí tí wọ́n ti tún kùn, tó ń dán.

Èmi ò bẹ̀rù ìpẹtà. Bí kò bá tíì jẹ wọnú irin, epo àti búrọ́ọ̀ṣì onírin á ṣí i kúrò. Irin tó sán gan-an ni kẹ́ ẹ sá fún, torí irin dídà, ìyẹn irin tí wọ́n yọ́ dà sínú mọ́ọ̀dù, ni wọ́n fi ṣe é, ó sì ṣòro láti jó pọ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀ àti etí tábìlì, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ yí orí tó gbé abẹ: bó bá ń pariwo, bíárìn, ohun róbótó tó ń jẹ́ kí orí náà yí geere, ti lọ nìyẹn, ó sì ṣeé pààrọ̀.

Èyí tí wọ́n ti tún ṣe máa ń wọ́n jù, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kí ẹ tó fi ṣiṣẹ́. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọ̀dà tuntun lè bo ibi tó sán. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á tan án níṣojú yín.

Nínú méjèèjì, mi ò ní gba èyí tí orí abẹ rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin láé. Irú rẹ̀ ti gé ìka ọ̀pọ̀ káfíńtà kí orí róbótó tó gbòde.

Bí ẹ bá ní sùúrù, ẹ ra èyí tó dípẹtà; àléébù rẹ̀ hàn síta. Ẹ kàn má fi sáńpépà ha ọ̀dà àtijọ́ rẹ̀ ní gbígbẹ, òjé, tó jẹ́ májèlé, sábà máa ń wà nínú rẹ̀.